Táyà Tó Ṣáájú Wa

Lọ́jọ́ tí táyà náà kọjá wa lójú títì,
Pantelis, bàbá tó bí ìyá mi, ló kọ́kọ́ rí i.
Ó ń yí gbirigbiri lọ lápá òsì wa
bí ọmọ tí a rán ní iyọ̀ tí ọbẹ̀ ń dúró dè.
"Ta ló tún sọ táyà nù báyìí?" ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín náà ò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀
tí tirélà fi fìdí jókòó lẹ́yìn wa gbàgà,
irin ń ha ọ̀dà títì, iná ń ta pàrà-pàrà,
ọkọ̀ ojú omi wa na imú sókè
bí ajá tó gbóòórùn òjò.

Ọjọ́ yẹn ni Fotini, ìyá ìyá mi, gba sípánà.
Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn tẹ́wọ́,
bàbá sì kó o lé e lọ́wọ́, tòun ti òòlù.

Ní Ceduna, àlìkámà ló wà lẹ́yìn wa, òkun ló wà níwájú.
Iyọ̀ tó ń mú ẹja dùn náà ló ń jẹ irin,
kì í sì í jẹ ẹ́ lójú ẹni.
Abẹ́ ọ̀dà ló ń gbà wọlé, abẹ́ síìlì,
abẹ́ sùúrù tí a ò ní.

A bá dé etíkun, kò ní jẹ́ ká ti ọkọ̀ sómi.
"Fọwọ́ kan họ́ọ̀bù yẹn."
Mo fọwọ́ kàn án, mo yára fa ọwọ́ sẹ́yìn.
"Ó ti sáré láti ilé, àyà rẹ̀ ṣì ń gbóná.
Bí o bá rì í bọmi tútù báyìí, yóò mí sínú kanlẹ̀,
òkun ni yóò sì fà símú."
Ni a bá jókòó. A jẹ búrẹ́dì, a jẹ ólífì inú ìgò.
Àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn ń kọjá, wọ́n ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀:
"Fotini, ṣé ẹ̀ ń dúró de ìyàwó ni?"
Ẹyẹ òfú mẹ́ta lórí òpó iná ń wò wá.
Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó tún fọwọ́ kan irin,
ó mi orí.
Ó kù díẹ̀.

Bí a bá sì ti pẹja dé, omi òjò ló kàn.
Omi òjò ò wọ́pọ̀ níbí; a máa ń kan ara tánkì
ká tó mọ ibi tí omi dúró.
Lọ́dún tí ọ̀dá mú, ife méjì ni bàbá fi ń wẹ̀,
àmọ́ bíréèkì wẹ̀ títí ó fi mọ́.
"Ṣé èmi náà ò lè dípẹtà ni?" ni bàbá ń kùn.
"Ìwọ ò gbé ọkọ̀ kankan," ni ìyá fi dá a lóhùn.

Lóṣù Kẹsàn-án ló ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.
Dúrọ́ọ̀mù bíréèkì kì í fẹ́ kúrò;
ó ń gbá a yí po, kó, kó, kó, kò kánjú,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó sùn.
Gíríìsì tó bá ti funfun bí ògì, omi ti wọlé,
kò sí àríyànjiyàn.
Ó fi kẹrosíìnì fọ bíárìn, ó gbé e sétí mi,
ó fi ìka yí i.
"Gbọ́." Mi ò gbọ́ nǹkan kan.
"Ìyẹn dáa. Òmíràn nìyí." Èyí ń sọ èdè iyanrìn.
Ó jù ú sínú garawa.
Ó wá bu gíríìsì tuntun sí àtẹ́lẹwọ́,
ó ń fi etí bíárìn kó o díẹ̀díẹ̀
bí ẹni ń fi òkèlè nu ìsàlẹ̀ àwo,
títí ọ̀rá fi yọ jáde láàárín àwọn ọmọ irin.
Ọdún mẹ́rin ni mo fi wò ó
kó tó ní kí n na ọwọ́ tèmi.

A ò rí táyà yẹn títí dòní.
Bí a bá ti dé ibẹ̀, bàbá á dẹwọ́ eré,
á wo inú igbó, á ní: "Á ti dé Perth báyìí."
Èmi nìkan ni mo máa ń rẹ́rìn-ín.
Ìyá ti sọ̀kalẹ̀.
Ó wà lẹ́yìn, lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára irin.